Obìnrin Tó Wúkọ́ Lẹ́ẹ̀kan

“Màmá, gbogbo fíìmù Yorùbá tí ẹ̀ ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ ẹgbẹ̀rún kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orí mi gbóná débi pé wọ́n sáré gbé mi lọ sí Ìkògòsì, wọ́n ní kí n ki orí bọ odò. Tútù ni gbogbo omi yẹn tẹ́lẹ̀, Màmá. Apá ibi tí orí mi kàn ló gbóná títí dòní, tí àwọn òyìnbó ń wá wò.”

Ẹnu Mákindé ọmọ Ìpotì lọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ní pálọ̀ Ìyá Adékúnlé ní Àrámọ̀kọ, lọ́sàn-án Sátidé. Ó sì ti jáde tán kí ẹni tó ni ẹnu tó mọ̀ pé òun ti la á. Ohun tó gbé e wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ fẹ́ Ìbùkún, ọmọ ọmọ ìyá náà. Ìyá yìí ló tọ́ ọ láti kékeré. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí bíṣọ́ọ̀bù mẹ́fà wá dọ̀bálẹ̀ sójúde rẹ̀, asán ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá bi í: “Kí ni iṣẹ́ rẹ?”

Ìdáhùn tòótọ́ wà nílẹ̀. Mákindé ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Ìjerò, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, tó sì ń kó fíìmù sínú mẹ́mórì káàdì fún àwọn tí dátà ń wọ́n lọ́wọ́. Ìwé ti já a jù sílẹ̀ kó tó parí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n fíìmù tó ti wò, bí wọ́n bá tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, yóò tún ṣẹ́rí padà wálé wá jẹun. Kò sí èyí tí kì í wò kó tó kó o fún oníbàárà. Níbi tó ti ń wò wọ́n lójú rẹ̀ ti là sí i pé ìtàn kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ fún lójoojúmọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ohun tó ń padà wá yìí lórúkọ, ó ń gbé orúkọ wọn sórí sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó bá bì lẹ́ẹ̀kan, oyún ni. Ìyẹn ni Mákindé pè ní Èébì Oníròyìn, torí nínú fíìmù, ẹ̀wà tó ti kan kì í fa èébì. Mẹkáníìkì tí ìyá ọmọ ń lé bí ajá, tí epo ẹ́ńjìnnì kún ojú rẹ̀, ọmọ olówó ni, bàbá rẹ̀ ló ni àdúgbò. Ìyẹn ni Àkísà Olówó. Obìnrin tó ń sunkún pé “jẹ́ kí n ṣàlàyé,” kò ní ṣàlàyé láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó di ẹnu rẹ̀ mú, torí ọjọ́ tó bá ṣàlàyé ni fíìmù parí. Ìyẹn ni Jẹ́-N-Ṣàlàyé. Èyí tó wá jọba lórí gbogbo wọn ni Ikọ́ Ìkìlọ̀. Nínú fíìmù, kò sí ọ̀fìnkìn, kò sí ọyẹ́, eruku kò sì sí. Ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ti kú, káfíńtà ló kù tí a ó lọ pè.

Sítátọ́ọ̀sì yìí ni Ìbùkún rí nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó ti ń ránṣọ. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé: “O gbàgbé Àwo-Bọ́. Tí ìròyìn ikú bá ti fẹ́ wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé àwo dání kó lè rí nǹkan jù sílẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni Mákindé kò ti fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Bó bá ti sọ èyí fún ìyá àgbà, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n “mò ń tún fóònù ṣe” kéré lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú agbada. Ó fẹ́ kí nǹkan kún agbada díẹ̀. Ó wá kó odò gbígbóná sí i.

Ìyá Adékúnlé kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọ́ àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó síbẹ̀. Obìnrin tó jókòó dí ẹnu ọ̀nà yìí sanra dé ibi tó yẹ kí ìyá sanra dé, afẹ́fẹ́ pàápàá ní láti tọrọ gáfárà kó tó kọjá. Mákindé wo fèrèsé. Irin ni wọ́n fi ṣe gàgá rẹ̀. Ó wo òkè àjà. Pákó ni.

“Ìwọ lo kọ ti Àwẹ̀ró náà?” ni ìyá bi í.

Ti Àwẹ̀ró ni gbogbo Àrámọ̀kọ ń wò. Àwẹ̀ró jẹ́ ìyàwó ilé kan tí àwọn àna rẹ̀ ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, apá tuntun rẹ̀ sì ń jáde láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé. Ìyá Adékúnlé kì í wò ó lásán, inú rẹ̀ ló ń gbé. Ó ti fi orúkọ Àwẹ̀ró sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún aláìsàn kan, àlùfáà sì ti bẹ Olúwa fún arábìnrin náà láìmọ̀ pé inú fóònù ló ń gbé.

“Èmi náà ni, Màmá.”

“Ìwọ lo ní kí ìyá ọkọ rẹ̀ lé e jáde ní ulé nínú òjò?” Ìyá kì í fi èdè ilé ìwé sọ̀rọ̀. Ulé ló ń pe ilé, ukú ló ń pe ikú, bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò náà.

“Ìtàn ló dé bẹ̀, Màmá.”

“Ìtàn ò ní ẹsẹ̀. Ìwọ lo gbé e débẹ̀.” Ó fi ọwọ́ pa orúnkún. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wú ukọ́. Ẹyọ kan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo òréfèé. N kò rí oorun sùn. Ṣé ukọ́ lásán ni?”

Kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn yẹn láyé ju Mákindé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ náà pé, “Ẹ bá mi kí Àwẹ̀ró pé ó dìgbóṣe.”

Ìyá na ìka sí Mákindé. “Ó dáa. Gbọ́ mi. Kò gbọdọ̀ kú. Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ ni kó o yí i padà. Bí Àwẹ̀ró bá yè lónìí, mú Ìbùkún, Bíbélì nìkan ni n ó gbà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá kú, má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ulé mi mọ́. N kò tọ́ ọmọ fún ẹni tó ń jókòó pa ọmọ ọlọ́mọ.”

Aago ara ògiri ń kà láìmí. Mákindé jókòó sáàárín tábìlì àti fìríìjì bí iṣu tí wọ́n há mọ́ inú àbà. Bó bá ní òun kọ́ ni òun kọ ọ́, òpùrọ́ ni, ìyá kò ní fi ọmọ fún òpùrọ́. Bó bá ní òun ni, apànìyàn ni, láago mẹ́rin sì ni òkú yóò sùn. Òógùn bò ó débi pé ìrọ̀rí àga ń wá ibi tí yóò sá sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo fẹ́ mumi.”

Ìbùkún ló gbé omi wọlé láti ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ife bo ẹnu sọ̀rọ̀. “Sọ òótọ́ fún un.”

“Èwo nínú rẹ̀?”

“Pé o kàn ń wò ó ni.”

“Ṣé wíwò niṣẹ́?”

“Orí kunkun. Àwọn orúkọ tí ò ń sọ wọ́n yẹn, mo ti kà á fún un rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí n gbá òun lẹ́yìn.”

“Kí lẹ̀ ń sọ níbẹ̀?” ni ìyá bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Ó ní omi náà tutù, Màmá,” ni Ìbùkún dáhùn, ó sì jìnnà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mákindé lára. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ti pinnu. Ó la ẹnu láti sọ òótọ́, tòótọ́tòótọ́, ohun tó sì gbọ́ tó jáde níbẹ̀ ni: “Màmá, ẹ jẹ́ kí n wọ balùwẹ̀ lọ pe dírẹ́tọ̀ wa lórí fóònù. Kì í gbọ́rọ̀ níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí.”

Balùwẹ̀ náà kò ní ojú ọ̀nà ìsálọ. Fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Mákindé fi ojú wọ̀n ọ́n, ó fi èjìká wọ̀n ọ́n, ó gbà pé kò lè gba òun. Ó wá tan ohun tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ó di imú mú, ó sì wọ́ ohùn lọ sílẹ̀ bíi ti ọ̀gá ńlá tó ti jẹ ẹran jù. Ète rẹ̀ ni kí ìyá gbọ́, kó fọwọ́ sí i, kí òun sì ti jìnnà kí aago mẹ́rin tó lù.

Nígbà tó padà sí pálọ̀, ó na fóònù síwájú. “Ó ti fèsì, Màmá. Ohùn ara rẹ̀ rèé.”

Ohùn náà dún: “Mákindé, ọ̀gá àwọn òǹkọ̀wé, a ti gbọ́. A ti yí i. Àwẹ̀ró kò ní kú mọ́. Eruku ló fa ukọ́ yẹn. Dókítà á fún un lóògùn, a ó sì gbé e padà sí ulé ọkọ rẹ̀. Kí Màmá fọkàn balẹ̀.”

Ojú Ìyá Adékúnlé tàn bí àtùpà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu epo sí. “Tún un gbé.” Mákindé tún un gbé. Ìyá pàtẹ́wọ́, ó mi orí. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn létí mi. Kò ṣe fọ́ńfọ́ńfọ́ bí àwọn ará Èkó. Ìbùkún, wá kúnlẹ̀ síbí.”

Ìbùkún jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó sì ń wo Mákindé bí ẹni ń wo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí okùn aṣọ. Ìyá ti na ọwọ́ sí orí rẹ̀. Bí Mákindé bá dákẹ́ níbẹ̀, ó ti fẹ́yàwó. Ẹnu kò jẹ́.

“Àwọn ará Èkó kẹ̀, Màmá? Ọmọ Èkó pọ́ńbélé ni dírẹ́tọ̀ wa. Orí omi òkun ni wọ́n bí i sí. Kò tíì dé Èkìtì rí láyé rẹ̀, ó rò pé orí òkè là ń so ara wa mọ́ kí a tó sùn.”

Ọwọ́ ìyá dúró lókè.

“Kò dé Èkìtì rí?”

“Kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ pàápàá.”

“Ta ló wá kọ́ dírẹ́tọ̀ yín ní ‘ulé’?” Ìyá rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. “Èmi ni mò ń pè é ní ulé. Bí wọ́n bá gbá ọ létí, ìwọ náà ulé lo ó pè é. Ará Èkó wo ló ń wú ukọ́?”

Ohùn ni Mákindé rántí pa dà, kò rántí ọ̀rọ̀. “Ìyá rẹ̀ ni, Màmá. Ará Ìpotì ni ìyá rẹ̀.”

“Ìpotì tí mo ti ra kòkó títí irun mi fi funfun? Ulé ta nìyẹn? Pe orúkọ rẹ̀.”

Gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ ọ̀run sá lọ́dọ̀ Mákindé. Ẹyọ kan ló dúró tì í. “Ìyá Blessing.”

“Èyí tó ń ta gààrì nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì CAC?”

“Òun… òun náà ni.”

“Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, fóònù ló ń tún ṣe ní Ìjerò.” Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dìde, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ojú fèrèsé, sí ojú ìmọ́lẹ̀. “Dúró kí n tún gbọ́ imú yẹn dáadáa.”

Àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣófo.

Mákindé kò wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mú bàtà. Ó fo Ìbùkún kọjá lórí ìkúnlẹ̀, ó fo àga, ó fo ewúrẹ́ méjì lójúde, ó sì já sí títì. Ó gbọ́ tí Ìbùkún pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló wà nínú ohùn náà tàbí ẹkún, kò sì ní ìgboyà láti wẹ̀yìn. Eré tó sá lọ́jọ́ náà, ọlọ́kadà tó ń lọ sí Ìjerò rò pé òun dúró sójú kan ni, ó sọ̀ kalẹ̀ láti wo táyà rẹ̀.