Dìde, Wá Ṣàlàyé

Káfíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì náà, ohun tó sì kó ìpayà bá ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ wọn, láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù àti láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ, òun ló dédé kó bébà pélébé méjì sórí tábìlì oúnjẹ, tó gbé agolo iyọ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

"Fíìmù tí wọ́n fi eré yín ṣe ni," ó ní, kò wojú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ yìí tí kò sọ ọ́. Ọkùnrin kan tó wá gbé àga rẹ̀, àgbàlagbà onírùngbọ̀n, bú sẹ́kún níwájú mi níbi tó ti ń ròyìn ẹ̀. Mo ní kí n lọ fojú ara mi rí i. Bí ẹ bá ráyè, ká jọ lọ lọ́sàn-án ọ̀la."

Bí ẹ bá ráyè. Bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ọdún mẹ́jọ wá, bí ẹni ń bá oníbàárà tó fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Kò bá a jà rí. Kò gbọ́wọ́ sókè sí i, kò sì lé e jáde. Ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni, ọ̀wọ̀ náà sì tutù ju omi òjò lọ.

Àwọn aládùúgbò pàápàá kò mọ ohun tí wọn yóò máa pè wọ́n mọ́. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe tọkọtaya náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ kú, orúkọ di ẹ̀gún lẹ́nu, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ pè wọ́n: ọkọ di Káfíńtà, ìyàwó di Olórin, nítorí pé eré olórin orí ìtàgé ni iṣẹ́ rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Àlàyé, nítorí pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú ilé tí ọmọ náà kò ní ní ìtàn rẹ̀ lẹ́nu. Bí ife bá fọ́, bí ìṣó bá dà sínú ìkòkò ọbẹ̀, bàbá kò ní bínú. Yóò kàn jókòó síbi tó wà, yóò ké tantan pé, "Ìyá Àlàyé, dìde, wá ṣàlàyé èyí fún mi!" Bó bá wá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, yóò dìde dúró, yóò fọwọ́ lébàdí bí adájọ́. Ọmọ á yọ, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á ní, "Bàbá, ẹ jókòó ná. Ọ̀rọ̀ gùn." Bàbá á jókòó. Ọmọ á wá ṣàlàyé bí ológbò ilé kejì ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, bó ṣe fi ṣíbí bu ẹran jẹ, àti bó ṣe fọ ṣíbí náà kó tó lọ, nítorí pé ológbò tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi di igi mú.

Àìsàn tó mú un kò pẹ́. Orí fífọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó di ohun tí dókítà ń mirí sí. Ọ̀sán ọjọ́ tó kú, ní ọsibítù, ara ọmọ dà bí èyí tó fúyẹ́. Ó mu omi, ó ní kí màmá lọ síbi eré rẹ̀, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíńtà náà ní, "Lọ. Mo wà níbí." Olórin lọ.

Eré náà dá lórí obìnrin kan tí àgbàrá gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Níparí, ìyá yóò kúnlẹ̀ ti òkú ọmọ náà, yóò kọrin arò. Olórin ló ń ṣe ìyá yẹn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí orin arò bẹ̀rẹ̀ ni fóònù dún ní yàrá ìmúra. Ìyá Aláṣọ, obìnrin tó ń wọṣọ fún àwọn òṣèré, ló gbé e, òun náà ló sì sọ fún un pé ọmọ ti kú, tó ní, "Máa lọ. Máa lọ báyìí." Ilẹ̀kùn ìta wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀nà ìtàgé wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Títí di òní, Olórin kò lè sọ ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gba èyí tó mọ̀. Ó bọ́ sórí ìtàgé, ó kúnlẹ̀, ó kọrin. Níbi tó yẹ kó ti pe orúkọ ọmọ inú eré, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá Àlàyé, dìde, wá ṣàlàyé èyí fún mi." Ó ké e débi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kò sí ojú tó gbẹ nínú gbọ̀ngàn náà.

Nígbà tó dé ọsibítù, àtíkè eré ṣì wà lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo àtíkè náà. Ó fẹnu júwe ibùsùn fún un.

Ìgbà tó parí ọ̀fọ̀ tó padà síbi iṣẹ́, ó bá ọmọbìnrin tó dí ipò rẹ̀ mú níbi tó ti ń kọ orin arò náà, pẹ̀lú Ìyá Àlàyé nínú rẹ̀. Olùdarí ti kọ ọ́ sínú ìwé eré. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ìtàgé ni. Olórin fẹ́ ní kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n yọ ọ́, wọn yóò béèrè ìdí. Bó bá sọ ìdí, ọ̀rọ̀ yóò dé etí ọkọ rẹ̀ nílé. Ó pa á mọ́ra. Òun náà kọ orin náà bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta sí i. Ọkọ rẹ̀ kò sì tún dé ibi eré mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò lọ wo fíìmù, ó sáré lọ bá Ìyá Aláṣọ, ẹni tó ti lọ wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án." Ìyá Aláṣọ ń tú àránpọ̀ ṣòkòtò kan, kò gbójú sókè. "Àbúrò, wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ obìnrin tó ń ṣe ìyá yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ka irun imú ẹ̀. Èmi tí mo ti gbọ́ orin yẹn títí ó fi sú mi, tí mo máa ń jẹ ẹ̀pà lórí ẹ̀ níjọ́sí, èmi náà ni mo fi ìborí tuntun nu ikun."

"Ó máa gbọ́ ọ."

"Ṣé adití ni? Sọ fún un kí ẹ tó wọlé. Má jẹ́ kó bá ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀ pàdé níta."

"Mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ láti àná. Kò jáde."

"Ìwọ tí o máa ń kọrin sí ẹgbẹ̀rún èèyàn létí! Ọkùnrin kan péré lo ò lè bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún èèyàn ò mọ̀ mí, ẹ̀gbọ́n."

Ìyá Aláṣọ fi eyín já òwú.

Lójú ọ̀nà, Olórin tún gbìyànjú. Káfíńtà ti fá irùngbọ̀n, ó wọ bàtà tó fi lọ sí ibi ìsìnkú, bóyá nítorí pé kò ní òmíràn tó dáa. "Bàbá," obìnrin náà ní, "ohun kan wà nínú fíìmù yẹn..."

"Háà, ẹ má sọ ìparí ẹ̀ fún mi o! Oníbàárà kan fẹ́ sọ ọ́ lánàá, mo na òòlù sí i. Mo ní ẹnu ẹ ni mo máa kan ní ìṣó, n ò ní kan àga ẹ mọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Olórin kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọkọ rẹ̀ ti dápàárá fún un gbẹ̀yìn. Ó wo ẹnu ọkùnrin náà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ létí, àánú ẹ̀rín náà ṣe é, kò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ó ní, "Ó dáa. N ò sọ mọ́."

Ilé sinimá náà tutù, ó ń rùn bíi kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Wọ́n jókòó láàárín. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, Olórin ń fi í wé tiwọn. Lórí ìtàgé, aṣọ búlúù ni àgbàrá, àwọn ọkùnrin méjì ló ń gbọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan nínú wọn a sì máa sín. Níbí, omi gidi ni, omi pupa, tó ń gbé ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó ń wá àṣìṣe nínú ohùn obìnrin tó gba ipò rẹ̀, ó rí méjì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Orin arò wá dé. Olórin di apá àga mú, ó ń retí igbe. Kò sí igbe. Gbogbo ohun èlò orin ló dákẹ́. Obìnrin inú fíìmù náà kò kúnlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ ti ọmọ náà, ó fẹnu lé etí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ojú rẹ̀ kún gbogbo ògiri. Èèyàn ń gbọ́ èémí rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Nígbà náà ni ó yé Olórin. Bó ṣe yẹ kí òun ṣe é nìyẹn. Etí kan ló yẹ kí òun sọ ọ́ sí, òun wá ké e sí gbọ̀ngàn tó kún fún àwọn àjèjì, nígbà tí òun yóò sì fi dé ìdí etí yẹn, ó ti tutù.

"Ìyá Àlàyé," obìnrin náà ní sí etí ọmọ náà, "dìde. Wá ṣàlàyé èyí fún mi."

Káfíńtà dìde dúró.

Òjìji rẹ̀ bọ́ sójú fíìmù, ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Kò rìn, ó kàn dúró bí igi. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan pòṣé. Ọmọdébìnrin kan tí kò ní ju ọmọ ilé ìwé lọ wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú sùúrù: "Bàbá, ẹ jókòó ná."

Ọkùnrin náà jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí, kò sì dìde mọ́ títí tí wọ́n fi tan iná. Olórin gbọ́wọ́ lé e lápá. Kò ti ọwọ́ náà dà nù. Ó jọ pé kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Níta, nínú oòrùn, ó dúró lẹ́bàá ògiri tí wọ́n lẹ àwòrán fíìmù náà mọ́.

"Ta ló wà nínú yàrá ọsibítù yẹn pẹ̀lú mi?"

"Bàbá..."

"Bí mo ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo dùbúlẹ̀ tì í. Mo fẹnu sí i létí, mo ní kó dìde wá ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì wo ló lọ tà á fún wọn?"

"Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ni. Wọ́n ti pè wá láti ọsibítù, mo ti gbọ́. Mo dé orí ìtàgé, òun ló bọ́ lẹ́nu mi. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ ọmọ mi ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó yíjú sí i. "O pè é?"

"Mo pè é."

"O pariwo?"

"Mo pariwo."

"Èmi wà nídìí etí ẹ̀," ó ní. "Ìwọ ń pariwo níbòmíràn. Kò dá ẹnì kankan nínú wa lóhùn." Ó ṣíwájú, ó ń lọ sílé. Obìnrin náà tẹ̀ lé e, ó jìnnà sí i bí ẹni tí wọn kò jọ jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Káfíńtà ti ṣọ́ọ̀bù, ó padà lọ wo fíìmù náà. Ó lọ lọ́jọ́ kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ní kí àwọn jọ lọ. Ó mi orí.

"Lẹ́nu obìnrin yẹn, mo lè gbọ́ ọ," ó ní. "Lẹ́nu yín, mi ò lè gbọ́ ọ. Ẹ má bínú."

Ojoojúmọ́ ló ń lọ. Àwọn oníbàárà wá àga wọn tì. Ìyá Aláṣọ ní ó yẹ kí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé sinimá náà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Olórin, ó gbé àwàdà náà mì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Olórin wà nídìí ààrò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Kò tíì tó àkókò tí ọkọ rẹ̀ ń dé. Ó yíjú, ó sì rí i lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Wọ́n ti gbé e lọ," ọkùnrin náà ní.

Fíìmù ló ń sọ. Òmíràn ni wọ́n ń fi hàn báyìí. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ojú tó ń wá ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí, Olórin mọ̀ pé ohun tí kò lè sọ fún òun ní ọsibítù lọ́jọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó fa àga kan jáde lábẹ́ tábìlì.

"Bàbá," ó ní, kò sì ké e, ó rọra sọ ọ́ ni, "ẹ jókòó ná. Ọ̀rọ̀ gùn."

Káfíńtà wọlé, ó di ẹ̀yìn àga náà mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ fá. Lẹ́yìn obìnrin náà, oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nínú ìkòkò. Àwọn méjèèjì ló ń gbóòórùn rẹ̀. Kò jókòó, kò sì lọ, kò sì sẹ́ni tó yà síbi iná.