Ìkíni Àwọn Olóbì Anyama

Jacques, olóòtú ilé iṣẹ́ ìwé kan ní Zone 4, àdúgbò àwọn olówó, pe Fausiatou lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì: ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ náà ti yí ìpinnu wọn padà. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ewì Fausiatou, èyí tí wọ́n fẹ́ yọ tẹ́lẹ̀, yóò dúró: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa obì."

Ìlú Anyama ni wọ́n bí Fausiatou sí. Abẹ́ àtíbàbà kan níbẹ̀ ni Àdìzátù ìyá rẹ̀ ti ń ṣa obì láti ìgbà ọmọge, tó ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, tó ń fi ewé tútù bo èyí tó dára. Faransé ni Fausiatou kọ́ nílé ìwé. Ìdí apẹ̀rẹ̀ obì ló ti gbọ́ Yorùbá. Ìlà ewì rẹ̀ kúrú, nítorí pé ẹni tó ń ṣa obì kì í sọ̀rọ̀ gígùn.

Ní èṣí, ó gbé ewì tó kọ nípa àwọn obìnrin tó ń ṣa obì lọ sábẹ́ àtíbàbà náà. Ó dúró láàárín àwọn obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

"Fausia, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Àwa kẹ̀? O bá wa lẹ́nu iṣẹ́, o ò kí wa. Mo rò pé ìjọba ìlú ní mairie ló rán ọ wá ka òfin ni. Jáde, kí o tún wọlé."

Ó jáde láàárín ẹ̀rín wọn. Ó tún wọlé, ó kí wọn, gbogbo wọn jẹ́ ẹ, ó sì ka ewì náà tán. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni yẹn ti di ìlà àkọ́kọ́ ewì náà.

"Ìkíni nìyẹn, madame, kì í ṣe ewì," ni Jacques wí nígbà tí Fausiatou mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Tí ẹ bá yọ ọ́, mo máa kó ìwé mi lọ sílé. Ewì tí mi ò lè kà níwájú ìyá mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á."

Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ó dìde lóòótọ́, àfi ìgbà tí Jacques ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Bí ìpè ọjọ́ Ẹtì ṣe parí, ó wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, lọ sí Anyama. Àdìzátù gbọ́ ìròyìn náà, ó na ọrùn, ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi ti kọ́ àwọn ará Zone 4 bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìpinnu tuntun náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Jacques ti sọ lórí fóònù pé òun ti béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìlà náà wà nínú àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, àwọn atẹ̀wé kò tíì fèsì.