Aago Méjìlá ti Ta Ni?

Ẹ má sọ fún mi pé Almaty jìnnà. Láti Urumqi níbí, kò tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Bí bàálù bá gbéra, kì í lò tó wákàtí méjì tó fi ń balẹ̀. Síbẹ̀, láti kékeré ni Màámi ti ń fojú sọ́nà àtidébẹ̀. Ibẹ̀ ni Kulash, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, há sí nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè orílẹ̀-èdè wa àti tiwọn pa. Ọdún yìí ni Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé ìrìnnà gbà, ọdún yìí náà ni Kulash dùbúlẹ̀ àìsàn tí dókítà ní kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe sí i mọ́.

Àbúrò mi Yerbolat ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó pe Màámi pé aago méjìlá ọ̀la ni bàálù máa gbéra. Àwa ará ibí, aago méjì là ń lò: aago Beijing ti ìjọba, àti aago ilé tó fi wákàtí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá àkókò fún ọ, ohun tí o máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Aago ti ta ni?" Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Màámi dùn débi pé kò béèrè, òpònú tó pè é náà kò sì sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní ká tètè máa lọ. Màámi ní ìkánjú kò dọlà. Ó ń fi òróró dín bawirsak, àkàrà ìyẹ̀fun ilẹ̀ wa, nítorí ọmọ ìyá kì í lọ kí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. A mu tíì alámílíìkì, ó tún po ìyẹ̀fun mìíràn. Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfurufú, aago mẹ́wàá ló lù lọ́wọ́ mi. Mo tilẹ̀ ń ráhùn pé a ti yá jù.

Ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo Màámi.

"Màmá, bàálù yín ló ń sáré lọ yẹn."

A rí i láti ojú fèrèsé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òmíràn di ọjọ́ mẹ́ta.

Mo pe Yerbolat, mo bú u dé ìdílé, mo gbàgbé pé ìdílé kan náà ni wá. Mo bi í bóyá Beijing ni wọ́n bí i sí. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé aago Beijing ni bàálù ń lò. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ní Almaty gan-an, aago ilé wa yìí ni tiwọn.

Bí mo ṣe ń jà lọ́wọ́ ni fóònù Màámi dún, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Kulash ni. Ardak ọmọ rẹ̀ ló bá a gbé fóònù sétí. Pẹ̀lú ohùn tó ti rẹlẹ̀ gan-an, ó béèrè pé àbúrò òun dà. Mo ń mi orí sí Màámi pé kó sọ òótọ́. Kò wò mí. Ó jókòó lórí àpótí ẹrù rẹ̀.

"Mo ti dé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu ọ̀nà yín ni mo wà yìí, mo ń bọ́ bàtà lọ́wọ́."

A gbọ́ tí Kulash ń rán Ardak pé kó yára ṣílẹ̀kùn, kí òtútù má pa ọmọ náà síta. Ardak mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níta. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n pè wá pé ó ti lọ. Ardak ní ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí títí ẹ̀mí fi bọ́.