Àlùwàlá Àlàájà Àwáwù

Ìbéèrè kan náà ni ìwé àyẹ̀wò ń bi gbogbo aláìsàn, ìbáà jẹ́ ní ìlú Ẹdẹ, ìbáà jẹ́ ní ìlú Ara: kí ni aláìsàn yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Kíkẹ́lọmọ, nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn, kì í kọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ilé Àlàájà Àwáwù ni iṣẹ́ gbé e dé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá náà lápá òsì, máàkì rẹ̀ nínú ìwé náà kò sì tíì kúrò níbi tí ó wà lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Kíkẹ́lọmọ ti sọ ọ́ lórí fóònù láàárọ̀: ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá gòkè lónìí, wọn yóò gba ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

“Bù díẹ̀ kún un fún wọn,” ni ọ̀gá náà wí. “Ta ni yóò mọ̀?”

“Èmi yóò mọ̀, sà.”

Agbára ti ń padà sí ara Àlàájà. Kíkẹ́lọmọ ń rí i nígbà tí wọ́n bá jọ ń na apá. Ṣùgbọ́n ìwé kò béèrè agbára, iṣẹ́ ni ó béèrè. Roqeebah, ìyàwó ọmọ Àlàájà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ibtisam, kò sì jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Àkókò ìrun Aláàsárì ti tó. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àlùwàlá kí n rí i.”

Kí Àlàájà tó nawọ́, Roqeebah ti kúnlẹ̀, ó ti gbé bútà, ó ti ń da omi.

“Ìyá Ibtisam, ta ni mo ní kó ṣe àlùwàlá?”

“Àǹtí, ṣé kí n jókòó tẹtẹrẹ kí ìyá ọkọ mi máa gbé bútà? Àwọn tó ń kọjá lójúde ńkọ́? Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí.”

Àlàájà rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ti ń sọ ọ́ látọjọ́ tí o ti wọlé.”

Kíkẹ́lọmọ kò rẹ́rìn-ín. “Bí ẹ bá bá wọn ṣe é, òfo ni mo máa kọ. Bí mo bá kọ òfo, n kò ní padà wá mọ́.”

“Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n lè ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n lè ṣe é.”

“Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i.”

“Roqeebah,” ni Àlàájà wí. Lọ́jọ́ mìíràn, “Ìyàwó mi” ni ó máa ń pè é. “Gbé bútà yẹn sílẹ̀. Jókòó lé ọwọ́ rẹ.”

“Màmá!”

“Àṣẹ ni. Bí ará ojúde bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo dè ọ́ mọ́lẹ̀.”

Roqeebah jókòó lórí ẹní, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

Àlàájà fi ọwọ́ ọ̀tún gbé bútà. Omi dà sí i láṣọ. Roqeebah mí kanlẹ̀, kò dìde. Àlàájà yọ ẹnu, ó fọ imú, ó bọ́jú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì lé orúnkún, ó da omi sí i. Àwọn ìka náà ṣí díẹ̀díẹ̀, wọ́n gba omi, ó sì fi wọ́n pa ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi omi pa orí, ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó tẹ̀ síhà ti òsì, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó tún tẹ̀. Kò dé ibẹ̀.

“Ẹsẹ̀ yìí kọ̀.”

“Mo rí i, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa kọ ọ́.”

“Kọ ọ́. Má purọ́ mọ́ mi.”

Kíkẹ́lọmọ fi orí ṣe àmì fún Roqeebah, ìyẹn sì fò dìde, ó fọ ẹsẹ̀ kan tí ó kù. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, fúnra rẹ̀; ẹsẹ̀ òsì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́. Máàkì gòkè, kò gòkè púpọ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù láti ibẹ̀.

“Ṣé ò ń bọ̀?” ni Àlàájà bi í.

“Mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló kù fún wa.”

Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ dé ojúde, ó bojú wẹ̀yìn. Roqeebah ti rọ omi mìíràn sínú bútà de ìrun Mọ̀gáríbì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Àlàájà. Lẹ́yìn náà ni ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí àwọn tó ń kọjá, ó sì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.