Ta Ló Yọ OKO?

Lọ́dún 1999, ẹ̀ẹ̀mejì ni àyè tí wọ́n pè ní OKO pòórá nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ irúgbìn kan ní Òkè-Fìà. Inú àyè yẹn ni Lucy, akọ̀wé ibẹ̀, ń kọ ibi tí oko àgbàdo àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà sí, òun náà sì ni Ọ̀gá Nehemiah dá lẹ́bi.

"Ìwọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní kọ̀ǹpútà, tó bá tún sọnù, ilé lò ń lọ."

Lucy dá àyè náà padà, ó sì dẹ tákúté sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ àyè kan, tàbí tó fi òmíràn kún un, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò kọ orúkọ tí ẹni náà fi wọlé àti aago tó ṣe é sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, OKO tún lọ. Lucy tẹ ohun tí tákúté mú sórí bébà, ó gbé e síwájú ọ̀gá.

"Ẹ bá mi kà á, sà."

"Nehemiah, aago mẹ́sàn-án àárọ̀..." Ọ̀gá wúkọ́. "Lucy, ọkọ ni mo yọ o! N ò fọwọ́ kan oko. Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀tan-Ilé wọ̀nyẹn, ọkùnrin pátá! Mo ní ta ló ń wá ọkọ fún wọn?"

"Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà, sà. Oko àgbàdo ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n wá máa lọ sílé, sà?"

"Tí aago mẹ́rin bá lù, bíi ti gbogbo èèyàn."

Lucy tún àyè náà ṣe, ó sọ ọ́ ní OKO AGBADO. Tákúté sì kọ orúkọ tirẹ̀ náà sílẹ̀.