Ìtumọ̀ "Upright"

Ọ̀gá kan lé Yínúsà, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́, kúrò níbi iṣẹ́ ní Wuye, nítorí ó kọ̀ láti fi àpòpọ̀ tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó mọ ilé. Síbẹ̀, ọ̀gá náà kọ ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ pé "upright" ni.

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" ni Yínúsà bi Mùlíkàt, ọmọ rẹ̀.

"Olódodo ni, Bàbá. Ẹni tí kì í ṣe màgòmágó."

Inú rẹ̀ dùn. Ó mú ìwé náà lọ wá iṣẹ́ ní Jahi, ó lọ sí Kado. Àwọn fọ́mánù á ka ìwé náà, wọ́n á ní kò síṣẹ́.

"Bàbá, irú yín kò lè bá wa ṣiṣẹ́," ni fọ́mánù tó gbẹ̀yìn wí.

Yínúsà bi Mùlíkàt bóyá ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ó ní kò ní.