Ẹni Tó Máa Túfọ̀ Bàbá Pamílẹ́rìn

Oṣù kẹjọ rèé tí Bàbá Pamílẹ́rìn ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dá èèyàn kan lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kó rọra máa sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá ń sáré sọ̀rọ̀ á sáré jẹ̀bi.

Pamílẹ́rìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ̀, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ògì tó ti tutù, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ara rẹ̀ ti dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. O rí ẹsẹ̀, o fọwọ́ kàn án, àmọ́ bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

Gbàgede Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ojú òpó kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ti ń pàdé àwọn tí tiwọn bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí ara wọn rí, wọn ò sì ní rí ara wọn títí ayé, àmọ́ wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko jà lórí wáyà kan ṣoṣo. Bàbá Pamílẹ́rìn ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní ní Àjàó Estate, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ló ń gbé láptọ́ọ̀pù wá fún un. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá Pamílẹ́rìn ti kú nígbà tí ọmọ wà ní kékeré, bàbá àti ọmọ ló ń gbé inú yàrá méjì ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, orí tábìlì ìjẹun ló sì ti kọ́ ọ níṣẹ́, pẹ̀lú súkúdíráfà àti sùúrù. Ohun tí kò bá fi ẹnu sọ nílé, á lọ kọ ọ́ sí Gbàgede. Tí ìjà bá ti gbóná níbẹ̀, ẹnì kan á ní, “Ẹ jẹ́ ká dúró de Bàbá.” Tí Bàbá bá sì ti fọhùn, ó tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ọkàn rẹ̀ dúró. Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé kan náà, ló gbé ìròyìn káàkiri. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí Àjàó, ó wọkọ̀ lọ sílé ní Ìkọ̀lé. Kó tó jáde, ó fọwọ́ lé Pamílẹ́rìn léjìká.

“Ọmọ kì í túfọ̀ bàbá rẹ̀,” ló wí. “Ẹnu àgbà ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde. Ìwọ ṣáà jókòó.”

Pamílẹ́rìn jókòó. Ọmọ tó máa ń gbọ́ràn ni.

Ohun tí Ìyá Abọ́sẹ̀dé ò mọ̀ ni pé Gbàgede wà láyé. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sìnkú tán, fóònù bàbá ké. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Láptọ́ọ̀pù mi ń gbóná.” Pamílẹ́rìn wò ó títí. Kò sí àgbà tó máa sọ fún wọn, òun náà ò sì lè sọ. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n nu eruku inú fáànù. Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, Bàbá.” Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kí Bàbá níbẹ̀. Nínú gbogbo ayé, ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń kí i káàárọ̀.

Wàyí o, Fọlọ́runṣọ́ kan wà ní Àgọ́ Palace tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún un ní láptọ́ọ̀pù tuntun mẹ́wàá, ó wá béèrè ní Gbàgede bí òun ṣe máa tọ́jú bátìrì wọn kó lè pẹ́. Kíá ni ẹnì kan ti fa ọ̀rọ̀ tí Bàbá kọ lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn jáde, èyí tí wọ́n kàn mọ́ òkè ojú òpó náà bí òfin: “Bátìrì tuntun, ẹ jẹ́ kó kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sí iná fún wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ìgbà náà ni Diamond dé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin.

“Ọ̀rọ̀ ayé Nóà rèé,” ni Diamond kọ. “Bátìrì òde òní, tẹ́ ẹ bá ń jẹ́ kó kú pátápátá, ẹ̀ ń bà á jẹ́ ni.”

Wọ́n bò ó bí oyin. “Diamond, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Bátìrì ni ò mọ̀ ọ́n.”

“Abẹg, lọ kí bàbá ẹ nílé.”

“Bàbá mi ò tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣi yín lọ́nà.”

Fọlọ́runṣọ́ tó ni ìbéèrè wá bẹ̀bẹ̀ láàárín wọn. “Ẹ̀yin Diamond, ẹ má bínú, Bàbá ni màá tẹ̀ lé. Bàbá, ẹ kàn tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ibi tó ti ta kókó nìyí: Diamond jàre, Pamílẹ́rìn sì mọ̀. Ọdún tó kọjá, bàbá rẹ̀ mú bátìrì kan lọ́wọ́ lórí tábìlì ìjẹun, ó ní, “Ìyẹn ti kọjá o. Bátìrì àtijọ́ la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ti ìsinsìnyí, má jẹ́ kó kú, má sì máa fi sílẹ̀ lórí iná tọ̀sán tòru. Mo máa lọ tún un kọ ní Gbàgede lọ́jọ́ kan.” Ọjọ́ yẹn ò dé.

Ọjọ́ méjì ni Pamílẹ́rìn fi ń tẹ ìdáhùn, tó sì ń pa á rẹ́. Tí Bàbá bá gbà pé Diamond jàre, nígbà tí èébú ń fò káàkiri báyìí, ṣebí òun ọmọ ló dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi, nígbà tí bàbá ò sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Tó bá sì tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ sọ, irọ́ ló pa, bátìrì àwọn ọmọdé ló sì máa jìyà rẹ̀. Kò ṣe ọ̀kan kò ṣe èkejì, ó wá fi òwe gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Òwe ẹni tó ń sáré sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Fóònù ké. Diamond ni.

“Bàbá, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tipẹ́tipẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní nǹkan tí mo mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń ṣàlàyé. Láti bí oṣù mélòó kan, ẹ óò kàn dáhùn ṣókí, tí wọ́n bá ta kò yín, ẹ óò pòwe. Ṣé iṣẹ́ ò ti kúrò lọ́wọ́ yín báyìí?”

Pamílẹ́rìn kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò dùn ún, kò sì bí i nínú. Ó kàn rí i kedere, bí èèyàn ṣe ń rí àbàwọ́n lára aṣọ ẹlòmíràn, pé òun ni òun ń ba orúkọ tí òun ń tọ́jú jẹ́. Ó mú fóònù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ń rẹ́ ilá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lórí àpótí. Pamílẹ́rìn kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ mà.”

“Pamí. O ti jẹun?”

“Mo ti jẹun mà.”

“Irọ́. Ògì tí mo gbé wá fún ẹ, ó dá mi lójú pé ó ń bẹ níbẹ̀. Kí ló dé?”

“Àwọn kan wà tí wọn ò tíì gbọ́ mà.”

“Gbọ́ kí ni?”

“Pé Dádì . . .”

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ṣírò lọ́kàn. “Ta ló kù? Mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí. Àbí àwọn ará Ọmùò?”

“Inú fóònù ni wọ́n wà mà.”

“Inú fóònù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Wọ́n tó mélòó?”

“Wọ́n á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mà.”

Ìyá Abọ́sẹ̀dé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Àwọn ará ìjọ ọgọ́ta péré ni mo túfọ̀ fún tí orúnkún mi fi wú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.” Ó mi orí. “Wọ́n ti wá ń pe òkú láti ìgbà yẹn, kò dáhùn, wọn ò sì fura?”

Pamílẹ́rìn ń wo ilá.

“Pamílẹ́rìn. Ta ló ń dá wọn lóhùn?”

“Èmi ni mà.”

“Lórúkọ rẹ̀?”

“Ẹ ní ọmọ kì í túfọ̀ bàbá rẹ̀ mà.”

Ọkọ̀ òfuurufú kan ń bọ̀ wálẹ̀, ó kọjá lórí ilé, ọ̀rọ̀ ò ṣeé gbọ́. Àwọn méjèèjì dúró kó kọjá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ládùúgbò yẹn, ojú Ìyá Abọ́sẹ̀dé ò sì kúrò lára rẹ̀.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Mi ò ní kó o sọ ara ẹ di òun.” Ó nu ọwọ́. “Ka ohun tí wọ́n ń sọ fún mi.”

Pamílẹ́rìn ka gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí bátìrì ò ti mọ Bàbá, Ìyá Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ kó tó nu omi náà.

“Ọmọ burúkú. Àbúrò mi ì bá fẹ́ràn ẹ̀. Ta ló jàre nínú wọn?”

“Diamond ni mà.”

“Bàbá ẹ mọ̀?”

“Ó mọ̀ mà. Ó ní òun máa tún un kọ.”

“Ó dáa. Máa tẹ ohun tí mo bá sọ. Má fi kún un, má sì yọ kúrò.” Ó jókòó nàró lórí àga bí ẹni tó dúró níwájú ìjọ. “Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ilé. Morọ́lá ni orúkọ mi. Èmi ni ìyá wa bí ṣáájú ọkùnrin tí ẹ ń pè ní Bàbá Pamílẹ́rìn. Ọlálérè ni wọ́n sọ ọ́. Àbúrò mi sùn lóṣù kejì ọdún yìí, kò jí. A ti sin ín sílé, a sin ín dáadáa. Ẹ má bínú pé ẹ ò tètè gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹbí níbí.”

Pamílẹ́rìn tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́.

Diamond ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Bàbá, torí pé ẹ fẹ́ sá fún ọ̀rọ̀ bátìrì, ẹ wá pa ara yín?”

“Diamond, ojú ò tì ẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ pé láti oṣù kejì ni, ta ló dáhùn láàárọ̀ yìí?”

Pamílẹ́rìn ka ìyẹn náà sókè. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ti mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà.

“Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tèmi,” ló wí. “Mo ti ṣe tèmi.”

Pamílẹ́rìn dúró lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ pé: “Èmi ni. Pamílẹ́rìn ni orúkọ mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Láti oṣù kejì, èmi ni mo ń dáhùn. Diamond jàre. Bàbá mi mọ̀ kó tó lọ, ó fẹ́ tún un kọ, kò ráyè. Ẹ̀yin Fọlọ́runṣọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn bátìrì yẹn kú. Tó bá ti ku ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ fi sí iná.”

Ìbànújẹ́ àwọn kan pọ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Bàbá. Inú bí àwọn mìíràn. Ẹnì kan ní, “Oṣù mẹ́jọ lo fi ń kó àdúrà ẹ̀mí gígùn jọ fún òkú.” Òmíràn béèrè pé gbogbo ohun tó ti sọ láti oṣù kejì ńkọ́, ta ló máa gbà á gbọ́. Fọlọ́runṣọ́ nìkan ni kò bínú, kò sì sunkún. Iṣẹ́ ló bá tirẹ̀ wá.

“Ẹ kú ìrọ́jú o. Mo ti tan mẹ́ta sílẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n lè kú. Kí n ṣe wọ́n báwo?”

“Ẹ fi wọ́n sí iná báyìí.”

“Ó dáa, Àǹtí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó kí Bàbá káàárọ̀. Pamílẹ́rìn jí, ó wo fóònù, ó gbé e sílẹ̀, ó tún un wò. Wọ́n ti yọ òfin wákàtí mẹ́jọ kúrò lókè ojú òpó. Wọn ò tíì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ó ń retí kó dun òun. Kò dùn ún. Ògì tuntun wà níwájú rẹ̀, Ìyá Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló gbé e gòkè wá. Ó mu ṣíbí kan, ó mọ̀ pé ó kan díẹ̀.

Fóònù ké nígbà tó ń mu ìkejì.

“Mi ò mọ̀,” ni Diamond kọ ránṣẹ́ sí Pamílẹ́rìn nìkan. “Mo rò pé Bàbá ń ṣeré ni. Ẹ má bínú sí mi.”

Kó tó ronú ohun tó máa sọ, òmíràn ti wọlé.

“Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lóṣù kẹfà, pé kéèyàn di fáànù mú kó má yí tó bá ń fẹ́ eruku inú rẹ̀, ìyẹn náà ò tọ̀nà. Kí ló kan fáànù pẹ̀lú dídì mú?”

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó ba fáànù kan jẹ́ lórí tábìlì yìí, torí pé ó jẹ́ kí atẹ́gùn máa yí i. Bàbá rẹ̀ ò bá a wí, ó kàn gbé fáànù náà fún un pé kó tú u, kó fojú ara rẹ̀ wo ibi tó ti jẹ.

Ó ti tẹ òwe kan dé ìdajì. Ó pa á rẹ́.

“Ó tọ̀nà,” ló kọ. “Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.” Ó sún abọ́ ògì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fáànù ti so mọ́ irin àárín rẹ̀.